Èèpo tuntun lára ìwé àgbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá mẹ́ta, tí wọ́n kọ́kọ́ jáde láàárín 1950 sí 1970, ni wọ́n fẹ́ tún tẹ̀, èmi ni mo sì máa ṣe èèpo wọn. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ohun tí ọ̀dọ́ á rí tí á wù ú rà. Àmọ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé náà, tó ti dàgbà báyìí, ní àwòrán ọdẹ tó wà lára ìwé bàbá òun kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn fi mọ ìwé náà. Ká sòótọ́, ọdẹ yẹn ò wù mí. Ṣé kí n tún un yà ni, àbí kí n yọ ọ́ kúrò? Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yìn tí oníbàárà bá ti da iṣẹ́ padà fún wọn ni ọ̀pọ̀ máa ń rántí mi. Màá dé orí ọdẹ yẹn. Àmọ́ mo rí i nínú ọ̀rọ̀ rẹ pé lójú tìẹ, ohun tí ọ̀dọ́ ń fẹ́ àti ohun tí àgbà ń fẹ́ ò lè gbé lára èèpo kan náà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Èèpo ìwé tuntun ní ẹrù tó ń rù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ìwé náà rí, nítorí náà èèpo ló máa sọ bóyá ìtàn ìfẹ́ ni tàbí ti ọ̀daràn, bóyá ó ń pani lẹ́rìn-ín tàbí ó ń dẹ́rù bani. Ìwé àgbà ti sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó máa rà á kò ju irú méjì lọ: ẹni tó kà á nílé ìwé nígbà kan tó fẹ́ kí ọmọ òun náà kà á, àti ẹni tó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ tí kò tíì fojú kàn án. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó nílò kó o fi àwòrán ro ìtàn náà fún un. O wá ní òmìnira tí ẹni tó ń ṣe ìwé tuntun ò ní: o lè mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé náà kó o fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Bí ìmọ̀ràn kan péré ni wọ́n bá ní kí n fún ọ, òun náà nìyẹn.

Wo ohun tí David Pearson, dìsáìnà kan, ṣe sí ìwé George Orwell tó ń jẹ́ 1984 nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Penguin tún un tẹ̀ ní 2013. Àwọ̀ ọsàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Penguin àtijọ́ ló lò. Wọ́n tẹ orúkọ ìwé àti orúkọ òǹkọ̀wé wọnú káàdì, wọ́n wá fi fóìlì dúdú bo méjèèjì mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá fi yíǹkì dúdú pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n. Àfi tó o bá gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ lo fi máa rí ojú lẹ́tà lábẹ́ dúdú yẹn. Ìwé tó ń sọ nípa ìjọba tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ni wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ yìí, kò sì sí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ká ní ìwé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni, ta ló máa rà á? Torí pé àwọn èèyàn ti mọ ìwé náà tẹ́lẹ̀ ni ọgbọ́n yẹn fi ṣiṣẹ́.

Èkejì ti pẹ́ gan-an, kì í tilẹ̀ ṣe àtúntẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó dára jù ú lọ. Ní 1915, nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìtàn Franz Kafka nípa ọkùnrin tó jí láàárọ̀ tó rí i pé òun ti di kòkòrò, Kafka gbọ́ pé Ottomar Starke ló máa yàwòrán èèpo rẹ̀. Ó yára kọ lẹ́tà sí ilé ìtẹ̀wé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ya kòkòrò náà, kódà kí wọ́n má yà á látòkèèrè. Ohun tó jáde ni ọkùnrin kan tó fọwọ́ bojú, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí inú ibẹ̀ sì ṣú dùdù. Lójú tèmi, ohun tí Kafka ń sá fún ni pé bí ayàwòrán bá ti ya kòkòrò náà, kòkòrò ayàwòrán ni gbogbo òǹkàwé máa rí títí ayé, tiwọn ò ní í lè wá sí wọn lọ́kàn mọ́. Nítorí náà, tí iwin bá wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbé fún ọ, rántí lẹ́tà yẹn kó o tó ya iwin olójú mẹ́rìndínlógún.

Báwo lo ṣe máa rí ohun kan ṣoṣo yẹn? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú ìwé lo ti máa rí i, o ò ní í rí i lórí Pinterest. Mo mọ̀ pé o máa sọ pé o ti kà á nílé ìwé. Tún un kà, kó o máa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ lè dì mú: aṣọ, irinṣẹ́, ilẹ̀kùn, ẹranko, oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, fagi lé gbogbo èyí tó ti wà lára èèpo àtijọ́, kó o wo ohun tó ṣẹ́kù.

Jẹ́ ká fi ìwé tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Gbé e fún ayàwòrán mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á ya ọkùnrin tó gbé ìbọn, igbó dúdú lẹ́yìn rẹ̀, abàmì kan tó ń yọjú láàárín igi. Kò burú, ó kúkú wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n báwo ni ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Àgbàlagbà kan ló wá bá ẹni tó ń sọ ìtàn nílé, tó ní kó mú gègé àti tákàdá, kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ sílẹ̀. Gbogbo igbó yẹn, àti Àgbákò, iwin inú rẹ̀, ẹnu àgbàlagbà yẹn, Àkàrà-oògùn, ni wọ́n ti jáde, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì kọ wọ́n. Tí wọ́n bá gbé ìwé náà fún mi, gègé yẹn ni mo máa mú. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu gègé ní ìsàlẹ̀ èèpo, ìlà yíǹkì kan tí kò já, tó kọ́kọ́ jọ ìkọ̀wé, tó ń lọ sókè tó ń di ìtàkùn, tó ń di ẹ̀ka, títí tó fi di igbó tó gba èèpo iwájú kọjá sí ti ẹ̀yìn. Ẹni tó ti ka ìwé náà á rí i, á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò tíì kà á á fẹ́ mọ ohun tí gègé ń ṣe nínú ìtàn ọdẹ. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sì sí iwin. (Tí o bá fẹ́ rí bí ọwọ́ àgbà ṣe ya igbó yẹn, wá ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe, tí Nelson tẹ̀ ní 1968. Bruce Onobrakpeya ló yàwòrán inú rẹ̀.)

Àwọn ohun kan wà tí mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má fọwọ́ kàn. Ní 2014, ẹnìkan kó èèpo àwọn ìwé ìtàn tó jẹ mọ́ Áfíríkà jọ sójú kan, ó sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lórí íntánẹ́ẹ̀tì: igi akasia kan náà, oòrùn tó ń wọ̀ kan náà, ojú ọ̀run tó pọ́n bí epo, ibi yòówù kí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. A bú àwọn òyìnbó dáadáa lọ́jọ́ náà. Àwa ńkọ́? Orí Ifẹ̀ là ń lẹ̀ mọ́ ìtàn oníṣòwò Ìjẹ̀bú. Ère ojú Idia, ìyá ọba, tó jẹ́ ti àwọn ará Bìní, tí gbogbo ayé mọ̀ láti àjọ̀dún FESTAC 1977, là ń fi sára ìwé Yorùbá. Tí kò bá sí ìyẹn, a ó fi gángan sí i.

Àdìrẹ ló ṣòro jù láti bá èèyàn sọ, torí pé ó rẹwà. Mi ò ní kó o má lò ó. Mo ní kó o mọ èyí tó ò ń lò. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára rẹ̀, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan nínú ìwé mẹ́ta rẹ bá jẹ́ ìtàn ìgboro Ìbàdàn, aṣọ yẹn ń sọ nǹkan, o sì lè gé òpó kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kó gba gbogbo ojú ìwé. Bó bá jẹ́ ìtàn ọdẹ lo kàn da àdìrẹ Olókun lé lórí nítorí pé ó jẹ́ búlúù, aṣọ lásán nìyẹn. Coralie Bickford-Smith, tó bẹ̀rẹ̀ àwọn ìwé àgbà aláṣọ fún Penguin ní 2008, mọ èyí dáadáa. Ọnà kan náà ló ń tún ṣe léraléra lórí aṣọ tó bo páálí ìwé, bí aládìrẹ ṣe ń ṣe gan-an, àmọ́ inú ìtàn ló ti ń mú ọnà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ ọ̀kín ló wà lára ìwé Oscar Wilde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹwà rẹ̀ kó sí lórí. O ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ yàwòrán, mo mọ̀ pé owó iṣẹ́ kéré, ó sì yá. Àmọ́ sọ fún un pé kó ya bàbá Yorùbá kan láyé 1950, kó o wá wo ilà ojú tó máa fún un. Kì í ṣe àbàjà, kì í ṣe pélé, kì í ṣe gọ̀ǹbọ́, ìlà tí ò ní ìlú ni. Àwọn àgbà tó máa ra ìwé yìí ń ka ojú èèyàn bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ibo ni bàbá yìí, o ò sì ní rí èsì fọ̀.

Ìwé mẹ́ta ni o máa ṣe, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ jọ ọmọ ìyá. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí àwọn aṣáájú ti là á sílẹ̀. Ní 1935 ni Penguin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà àwọ̀ mẹ́ta tó dùbúlẹ̀, ọsàn fún ìtàn àròsọ, àwọ̀ ewé fún ìtàn ọ̀daràn. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Heinemann dá ọ̀wọ́ ìwé African Writers Series sílẹ̀ ní 1962, àwọ̀ ọsàn náà ni wọ́n mú, tó fi jẹ́ pé ọmọ ilé ìwé lè dá ìwé wọn mọ̀ láti òdìkejì yàrá. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Anchor tún àwọn ìwé Chinua Achebe tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Edel Rodriguez, ayàwòrán ọmọ bíbí ilẹ̀ Cuba, ni wọ́n gbé gbogbo wọn fún, ọwọ́ kan náà ló sì hàn lára wọn látòkè délẹ̀. Mú ohun méjì tí kò ní yí padà láti ìwé kan sí èkejì, bí àpẹẹrẹ ibi tí orúkọ òǹkọ̀wé máa wà àti irú lẹ́tà, kó o jẹ́ kí àwọ̀ àti ọnà máa yí. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ dìsáìnà wa ti ń ṣubú. Ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, É tó ní àmì lórí náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ́ tó ní méjèèjì kò ní. Kọ̀ǹpútà máa ń so lẹ́tà kan àti àmì kan pọ̀ ni, fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tó o bá mú, ló sì máa sọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó dára lójú ò mọ ibi tó yẹ kó fi í sí. Àmì á fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó gun ara lẹ́tà rẹ̀. Fọ́ǹtì Gentium àti Charis ti àjọ SIL ń gbé e dáadáa, Noto ti Google náà ń gbé e, àmọ́ lẹ́tà inú ìwé ni wọ́n dára fún jù. Fún èèpo, mú fọ́ǹtì tó wù ọ́, sọ lẹ́tà di àwòrán, kó o fi ọwọ́ ara rẹ gbé àmì kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ. Èyí tó tún dára jù ni pé kó o ya lẹ́tà náà fúnra rẹ látìbẹ̀rẹ̀.

Wá wo bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá to orúkọ ìwé léra ní lẹ́tà ńlá:

ÒGBÓJÚ ỌDẸ
NÍNÚ IGBÓ
IRÚNMALẸ̀

Àmì abẹ́ Ọ àti Ẹ ní ìlà kìíní ń já bọ̀ sórí IGBÓ, níbi tí àmì ohùn orí Ó ti ń gòkè bọ̀. Tó o bá fún ìlà náà pọ̀ bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń fún tiwọn, àmì méjèèjì á kọlu ara wọn, ẹni tó ń wò ó ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ìlà kejì ní tirẹ̀ kò ní àmì abẹ́ kankan, nítorí náà ìlà kẹta lè sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Bó o bá fi ẹ̀rọ pín àyè náà dọ́gba, kò ní dọ́gba lójú. Ojú lo máa fi pín in. O tún lè lo lẹ́tà kékeré, tàbí kó o ti ìlà kejì sí apá òsì díẹ̀ kí Ó bọ́ sí abẹ́ àyè tó ṣófo. Àwọn kan máa ń yọ gbogbo àmì kúrò kí èèpo lè mọ́ tónítóní. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìwé Yorùbá tí ò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa ti já òǹkàwé kulẹ̀ kó tó ṣí i. Kí ló dé tí àmì náà ò lè jẹ́ ẹwà èèpo ọ̀hún? Ya wọ́n tóbi, fún wọn ní àwọ̀ kejì, jẹ́ kí àmì abẹ́ di ẹyin ojú tàbí ọta ìbọn, bí ìtàn bá ṣe gbà.

Béèrè lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú bóyá wọ́n ti sọ inú ìwé di àkọtọ́ òde òní. Àwọn ìwé tó jáde ṣáájú àkọtọ́ 1974 máa ń kọ “aiye” níbi tí a ti ń kọ “ayé” báyìí. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, èèpo àti inú gbọ́dọ̀ bára mu.

Ó wá ku ọdẹ. Kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Nàìjíríà ti 2022 fún òǹkọ̀wé ní ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó kú, ó sì fún ayàwòrán ní iye kan náà lórí àwòrán tirẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí 2033 á fi parí. Ọmọ òǹkọ̀wé tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lè ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ láìní àṣẹ kankan lórí ọdẹ náà, bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló yà á, tàbí tó bá jẹ́ ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún. Kí ilé ìtẹ̀wé yín wádìí rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án. Wọn ò gbọ́dọ̀ di ìyẹn rù ọ́.

Tí wọ́n bá rí àṣẹ gbà, má tún un yà. Ọdẹ tí wọ́n tún yà kì í jẹ́ ti àgbà mọ́, kì í sì í jẹ́ ti ọ̀dọ́. Yálà kó o lò ó bó ṣe wà, tàbí kó o gé apá kan lára rẹ̀, ọwọ́ tó di ìbọn mú tàbí ìdí fìlà, kó o gbé e tóbi débi tí àmì yíǹkì àtijọ́ á fi máa hàn. Ìyókù èèpo á jẹ́ tìẹ. Tí ìyẹn náà ò bá wù ọ́, fi odindi èèpo àtijọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé, ní dúdú àti funfun, kó o kọ ọdún rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lọ kí àgbàlagbà náà nílé, má fi àwòrán ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Bi í pé kí ló rántí nípa ìwé náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹ fẹ́ pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọdẹ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Kọ orúkọ bàbá náà tóbi ju bó o ṣe rò lọ. Àwòrán méjì ni kó o gbé lọ fún wọn, má gbé márùn-ún, torí wọ́n á ní kó o gé orí èyí lé ọrùn ìyẹn.

Kó o tó gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣómólú tàbí Mókọ́lá, gba dọ́mì lọ́wọ́ atẹ̀wé, ìyẹn ìwé òfìfo tí wọ́n fi bébà gidi dì, kó o lè wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣirò orí tábìlì ni pé bébà 80 gíráàmù nípọn tó nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà, nítorí náà ìwé ojú ewé 240, tó jẹ́ bébà 120, máa ní ẹ̀yìn tó tó mìlímítà 12. Àmọ́ bébà ọjà ò jọra, gọ́ọ̀mù náà sì ń gba àyè. Fi mìlímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ gbogbo kí ọ̀bẹ lè rí nǹkan gé. Tí èèpo rẹ bá dúdú, tí wọ́n sì fẹ́ fi ọ̀rá tí kì í dán bò ó, sọ fún wọn pé ipa ìka máa hàn lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ epo kàn án. Sọ èèpo náà di kékeré bí èékánná àtàǹpàkò lórí fóònù rẹ, torí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ti ń rí oníbàárà báyìí. Tí orúkọ ìwé ò bá ṣeé kà níbẹ̀, padà sídìí iṣẹ́.

Kó o tó fún wọn ní fáìlì tó kẹ́yìn, jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn ojú ewé orúkọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe èèpo, kí orúkọ ẹni tó ya ọdẹ àtijọ́ náà sì wà níbẹ̀ bí ẹ bá lò ó. Fi í sínú àdéhùn, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n lè ní kó o tún un ṣe láì san owó kún un.